Agbára Inú Itan: Ayé Mi Láàárín Àwọn Oníkẹ̀kẹ́ Bouaké

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò bac tí wọ́n fi ń jáde girama wá jókòó tì mí níwájú ilé. Ó ní òun ò tíì mọ iṣẹ́ tí òun máa yàn, pé ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó wá bi mí pé, "Tántì, iṣẹ́ wo lẹ̀yin gan-an ṣe?"

"Mo máa ń ra ẹsẹ̀."

Ojú rẹ̀ dàrú. "Ẹsẹ̀ màlúù?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Rárá o, n ò dé ọ̀dọ̀ alápatà. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni mo ń fi òrí ra, ẹsẹ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje, látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge títí irun mi fi hewú. Èmi ni mo ń wọ́ iṣan wọn, èmi ni mo ń se oúnjẹ wọn, èmi ni mo ń po omi tí wọ́n ń mu lójú ọ̀nà. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dúró ní oríta bíi tirẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Ìlú Bouaké, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Dar-es-Salam. Àṣàkẹ́ ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Tántì Anago, Àǹtí Yorùbá nìyẹn, ni gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ìlú yìí ń pè mí. Bàbá mi ń ta táyà, tíúbù, ṣéènì àti gbogbo ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, tí mò ń lẹ tíúbù.

Níbẹ̀ ni Bàbá Kòfí ti rí mi. Ẹ̀yà Baúlé ni, ọmọ ìlú Béoumi. Ó ti fi kẹ̀kẹ́ sáré nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ orí sì dé, ó di ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan nílùú wa. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í rẹ́rìn-ín. Ó wá ra tíúbù lọ́jọ́ náà, ó sì dúró ń wo ọwọ́ mi. Àwọn tó ń lẹ tíúbù yòókù a máa tì í bọ omi kí wọ́n tó rí ibi tó jò. Èmi, ìka ni mo fi ń wá a, mo sì ń rí i.

Ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Júlà tí gbogbo wa fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìka ọmọ yìí ń gbọ́ràn. Fún mi, kí n kọ́ ọ níṣẹ́."

Ìyá mi tó wà nínú ilé ti gbọ́. Ó jáde wá kíá. "Iṣẹ́ wo? Kí ọmọbìnrin mi máa fọwọ́ wọ́ itan ọkùnrin kiri? Bí wọ́n bá gbọ́ nílé, kí ni mo fẹ́ wí?"

Bàbá Kòfí ò bínú. Ó ní, "Ìyá, abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ògiri, kò sí ilẹ̀kùn. Ẹ gbé àga yín wá, kí ẹ máa wò wá."

Ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe. Ìyá mi gbé àga lọ lóòótọ́! Ó ń hun aṣọ ọmọdé, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára wa. Àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ ń bẹ̀rù rẹ̀ ju Bàbá Kòfí lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wọn pé, "Ìwọ, o ò jẹun lónìí, mo rí i lójú ẹ!" Ọjọ́ tí kò bá wá, wọ́n á máa béèrè rẹ̀.

Owó tí mo kọ́kọ́ ń gbà ò tó ohun tí à ń sọ. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Bàbá Kòfí le. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo lò tí n ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mò ń fọ ike omi, mò ń bó iṣu, mò ń lọ ata ilẹ̀ tó ń pò mọ́ òrí. Bí èékánná mi bá gùn díẹ̀, yóò ní kí n padà sílé. Ẹsẹ̀ tara mi ni mo kọ́kọ́ ń wọ́, lójú dídì, kí n lè máa sọ fún un bí iṣan kọ̀ọ̀kan ṣe sùn lé eegun, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí mo bá ṣì í, kì í bú mi. Ó kàn máa ń sọ pé, "Tún un ṣe," ohùn yẹn sì ń dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n má jẹun alẹ́, kí n má jẹ ti òwúrọ̀, kí n gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé òun lọ sí ìlú Brobo. Mo lọ. Nígbà tí à ń lọ, ara mi yá, mo tilẹ̀ ń kọrin. Nígbà tí à ń bọ̀, a dé orí òkè kékeré kan, òkè tí kì í ṣe nǹkankan, ni ẹsẹ̀ mi bá di aṣọ tútù. Mò ń tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òógùn tútù bò mí. Inú ń bí mi sí Bàbá Kòfí, sí kẹ̀kẹ́, sí igi ẹ̀bá ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sínú koríko, mo bú sẹ́kún.

Ó padà wá, ó jókòó tì mí. Ó yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n lápò, ó fún mi ní omi tó fi ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ó ní, "Jẹ. Mu. Má sọ̀rọ̀."

Ṣé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo jẹ, mo mu. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan ṣí fèrèsé nínú orí mi. Ayé tún mọ́lẹ̀. Ìtìjú wá mú mi nítorí ẹkún tí mo sun.

Ó ní, "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí? Ebi ẹsẹ̀ nìyẹn. Iṣu àti ìrẹsì tí à ń jẹ, inú ara ló ti ń di ṣúgà. Ara a tọ́jú díẹ̀ sínú iṣan, a tọ́jú díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀. Kò pọ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan láàárọ̀ kan á jó o tán."

Mo ní, "Ọ̀rá ńkọ́, Bàbá? Ọ̀rá wà lára èèyàn."

"Ó wà. Kódà ó pọ̀ lára èmi tí mo tín-ín-rín yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yára jó. Ó dára fún ìrìn jẹ́jẹ́. Bí o bá fẹ́ sáré gun òkè, ṣúgà ni ẹsẹ̀ ń béèrè. Láti òní lọ, bí oníkẹ̀kẹ́ bá sọ fún ẹ pé ó ti rẹ òun, wàá mọ ohun tó ń sọ."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Kò sí ìwé tó lè kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe kọ́ mi ní ìyókù náà nìyẹn, ẹsẹ̀ tara mi ló fi kọ́ mi. Yóò ní kí n fò sórí kẹ̀kẹ́, kí n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a dùn, n kò tilẹ̀ ní í mí hẹlẹ. Ó ní èyí ni agbára tó ti wà ní sẹpẹ́ nínú iṣan, pé kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí á fi tán. Bí mo bá tún ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, itan mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni fi ata sí i. Ó ní níbẹ̀, iṣan ń sun ṣúgà láì dúró de èémí, nítorí pé èémí ò tíì lè bá a dọ́gba. Òun yẹn náà kì í pẹ́. Bí mo bá wá dẹwọ́, tí mo mí dáadáa, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ dé inú iṣan, mo lè gun kẹ̀kẹ́ náà dé Béoumi láì dúró. "Èyí tó ń bá èémí rìn," ni Bàbá Kòfí máa ń sọ, "òun ló ń gbé èèyàn délé."

Nígbà tí itan bá ń jó yẹn, ó ní ìdọ̀tí ló ń kó jọ sínú iṣan, pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ni láti lé e jáde. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká máa tì í lọ sókè, sí ọ̀nà ọkàn. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa nígbà náà ló gbà á gbọ́.

Bí mo ti di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ fúnra mi nìyẹn. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi, Lásínà ni ọ̀rẹ́ mi jù. Ọmọ télọ̀ Júlà kan ní Dar-es-Salam ni, aláwàdà pátápátá. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi ìyá mi ṣẹ̀fẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Ìdíje kan wáyé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Bouaké gba Brobo kọjá, kí wọ́n sì padà. Òwúrọ̀ kùtù ló yẹ kí wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró de ọ̀gá ńlá kan tó máa fi àsíá bẹ̀rẹ̀ eré. Oòrùn ti ga kó tó dé. Bàbá Kòfí ń wo òkè, ó ń mi orí.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Lásínà ló wà níwájú, òun nìkan. Àwa ń tẹ̀lé e nínú ọkọ̀ bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tápólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí mo di ike omi mú. Mo rí i tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Mo na omi sí i. Kò gbà á. Ó wojú mi bí ẹni tí kò rí mi rí, ó ní, "Màmá, ta ló ti ilẹ̀kùn?"

Ẹ̀rù bà mí. Kí n tó lè ké sí ẹni tó ń wakọ̀, Lásínà ti ṣubú.

A sáré bẹ́ sílẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò mọ ẹnì kankan. Àwọn èèyàn ti pé lé wa lórí, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ gbé e sínú ọkọ̀! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù!"

Bàbá Kòfí na apá rẹ̀ méjèèjì, ó dí wọn lọ́nà. N ò gbọ́ kó pariwo rí, àfi lọ́jọ́ náà. "Omi la kọ́kọ́ nílò! Bí a bá gbé e báyìí, yóò jóná kí a tó débẹ̀! Omi!"

Abúlé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ ti gbọ́. Wọn ò béèrè ẹni tó jẹ́, wọn ò béèrè ibi tó ti wá. Wọ́n gbé garawa omi wọn sáré tọ̀ wá wá. A tú tápólì ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn ọkùnrin di etí rẹ̀ mú yíká bí abọ́ ńlá, a tẹ́ Lásínà sínú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń da omi lé e lórí, wọ́n ń sáré padà lọ pọn òmíràn. Ọmọge kan tó ń ta bísáàpù, ohun mímu tí ẹ̀ ń pè ní sóbò, kó gbogbo omi dídì inú kúlà rẹ̀ dà sí i. Èmi di orí rẹ̀ mú kí omi má baà wọ̀ ọ́ nímú. Mò ń sọ fún un ní Yorùbá tí kò gbọ́ pé, "Má lọ o. Lásínà, jọ̀wọ́, má lọ."

Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ṣẹ́jú. Ó wò mí, lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀ mí. Ó ní, "Tántì Anago, mo fẹ́ tọ̀."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Kòfí, a sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni Bàbá Kòfí wá ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Bàbá Kòfí jókòó níta ọsibítù. Ó ní, "Àṣàkẹ́, àwọn èèyàn rò pé gbogbo agbára tí iṣan ń mú jáde ló ń lọ sórí kẹ̀kẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá pín in sí mẹ́rin, bóyá ìpín kan ló ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ooru ni ìyókù. Òógùn ló ń gbé ooru náà lọ. Bí oòrùn bá wá mú jù, tí òógùn ò ríbi gbé e sí, iná tó ń gbé èèyàn sáré náà ló máa pa á." Ó wo ẹnu ọ̀nà ọsibítù. "Mo mọ̀ láàárọ̀ pé ó ti pẹ́ jù kí wọ́n gbéra."

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ga, Bàbá Kòfí kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan gbéra, ẹni yòówù kó di àsíá mú. Lásínà padà sórí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sáré ìdíje mọ́. Awakọ̀ wa ló dà, omi kì í sì í wọ́n nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìlú dàrú nítorí ogun, ẹgbẹ́ wa fọ́nká. Bàbá Kòfí padà sí Béoumi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo. Nígbà tí ìlú tún tòrò, àwọn ọmọ tuntun dé pẹ̀lú irinṣẹ́ tuntun. Aago ọwọ́ wọn ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Ṣúgà wọn wà nínú náílọ́ọ̀nù pélébé, wọ́n ń fi eyín já a lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bó iṣu fún ogún oníkẹ̀kẹ́ rí ò ní í bá ṣúgà inú náílọ́ọ̀nù jà.

Ọmọ mi obìnrin, Adéṣọlá, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara àwọn eléré ìdárayá ní Abidjan. Nígbà tó wálé, ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò mí bí mo ti ń ti iṣan lọ sókè. Ó dúró títí oníkẹ̀kẹ́ náà fi lọ.

"Maman, kí lẹ̀ ń tì bẹ́ẹ̀?"

"Ìdọ̀tí. Ohun tó ń jó wọn nítan."

Ó rọra jókòó. "Maman, ẹ má bínú. Lactate lẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ìdọ̀tí o. Oúnjẹ ni. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mú un jáde, iṣan mìíràn àti ọkàn á gbà á, wọ́n á tún fi ṣe agbára. Kí wákàtí kan àtààbọ̀ tó pé, ó ti lọ, ẹ wọ́ ọ o, ẹ ò wọ́ ọ o. Ìrora ọjọ́ kejì, ìyẹn yàtọ̀. Iṣan tó ya tín-tìn-tín ló ń fà á, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe."

Inú bí mi. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Mo ní kó tún un ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé títí ó fi yé mi. Kò wá dùn mí fún ara mi mọ́. Bàbá Kòfí ni mò ń rò. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ báyìí láì mọ̀, àbí kí n sọ fún un? Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí n ṣi iṣan kan ṣoṣo mọ̀, ṣé òun ló yẹ kí n fi òtítọ́ pa mọ́ fún?

Èmi àti Adéṣọlá wọkọ̀ lọ sí Béoumi. A bá a lórí àga níwájú ilé rẹ̀. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì wo èékánná mi kí ó tó dáhùn ìkíni mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi.

Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kí wá ni mò ń lé jáde láti ọjọ́ yìí wá?" Ó wò mí. "Àṣàkẹ́, ṣé irọ́ ni mo kọ́ ẹ?"

Adéṣọlá ló sún mọ́ ọn. "Bàbá, irọ́ kọ́. Wọ́n ti wádìí ìyẹn náà. Ẹni tí wọ́n bá wọ́ lẹ́sẹ̀, ìrora rẹ̀ máa ń dín kù, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ohun tó fà á nìkan ni kì í ṣe ohun tí ẹ rò."

Ó gbọ́ ọ. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "O máa ń sáré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo sáré láàárọ̀ àná. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí díẹ̀."

"Nígbà tí ẹ wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìwé, ṣé ẹnikẹ́ni wọ́ ẹsẹ̀ tìrẹ?"

Adéṣọlá rẹ́rìn-ín. "Rárá, Bàbá."

"Dùbúlẹ̀."

Wọ́n tẹ́ ẹní. Mo bu òrí wá. Bàbá Kòfí, ẹni tí wọ́n máa ń gbé dìde lórí àga, ní kí n ran òun lọ́wọ́ kí òun jókòó sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọmọ mi. Láti ọrùn ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kọ́ mi. Adéṣọlá kọ́kọ́ ń bá wa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já, ó ń gùn, ó tún ń já. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, àfi èémí.

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn sí Bouaké ń fọn fèrè lójú títì. Mo na ọwọ́ láti jí i. Bàbá Kòfí gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Fi í sílẹ̀. Inú oorun ni iṣan ti ń tún ara rẹ̀ ṣe." Ó yíjú sí mi, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà ọmọge mi. "Àbí wọ́n ti yí ìyẹn náà padà?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Wọn ò yí ìyẹn."